Bọ́gà Yín Ò Rí Bẹ́ ẹ Ṣe Fẹ́ Ẹ: Ta Lẹ Máa Bá Sọ Ọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú ká, kò sí ilé bọ́gà kan ní Adó-Èkìtì tẹ́ ẹ máa wọ̀ tẹ́ ẹ ò ní gbọ́ gbólóhùn yìí: "Mi ò ní kẹ́ ẹ fi èyí sí i!" Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn kántà á ní òun kọ́ lòun ṣe é. Oníbàárà á bi í pé ṣé òun tóun ra nǹkan lòun wá ṣe é ni? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa di "èmi tí mo bí irú ẹ lò ń bá jiyàn." Tọ́rọ̀ bá ti di ti ọjọ́ orí, bọ́gà ti di ìgbàgbé nìyẹn. Mo ṣe máníjà nírú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni mo sì ń kọ́ níṣẹ́ báyìí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ẹni tẹ́ ẹ ń jágbe mọ́ yẹn kò lágbára kankan lórí ohun tó ń dùn yín.

Ilé oníyán ni àwa ará Èkìtì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ra oúnjẹ jẹ. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ yín níbẹ̀ ló ni ìkòkò. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, ẹ sọ fún un, á wá nǹkan ṣe sí i. Bẹ́ ẹ bá ní iyán yín kéré, á fi èènì lé e, á sì tún bi yín léèrè àwọn ọmọ. Ilé bọ́gà ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1948, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń jẹ́ McDonald tún ilé oúnjẹ wọn tò nílùú San Bernardino ní California. Wọ́n pín iṣẹ́ inú kíṣìnì sí wẹ́wẹ́: ẹnì kan ò ju kó din ẹran lọ, ẹlòmíràn ń din ànàmọ́, ẹlòmíràn ń di í. Oúnjẹ ń yá, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ètò yẹn ni gbogbo ilé bọ́gà jogún títí dé Èkìtì. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, kò sẹ́ni tí iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu oníbàárà.

"Ọmọ mi, fún mi ní bọ́gà mẹ́ta. Má fi mayonnaise sí ọ̀kan."

"Ó ti dáa, mọ́mì."

Kaṣíà tẹ bọ́gà mẹ́ta. Bóyá kò sí ibi tó lè tẹ "má fi mayonnaise sí i" lójú ẹ̀rọ náà. Bóyá ó wà, àmọ́ ó máa tẹ ibi méjì mìíràn kó tó rí i, èrò sì ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Ló bá yíjú sẹ́yìn, ó pariwo rẹ̀ sínú kíṣìnì. Nínú kíṣìnì, òróró ń hó, fáànù ń ké, wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé. Ẹni tó ń to bọ́gà ò gbọ́ nǹkan kan. Bébà pélébé tó já bọ́ síwájú rẹ̀ ló ń wò, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni bọ́gà mẹ́ta. Ohun tó kà ló ṣe. Ẹnì kẹta fi bébà wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n rí bákan náà. Ẹnì kẹrin kó wọn sí ọ̀rá. Ó di ilé, ní Basiri, kí mọ́mì tó ṣí i.

Fún ìdí èyí, kí ẹ tó kúrò níwájú kántà, ẹ ka rísíìtì yín. Bí ohun tẹ́ ẹ sọ ò bá sí lórí rísíìtì, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé kò dé kíṣìnì. Ẹ ní kí kaṣíà fi bíírò kọ ọ́ sórí bébà tó ń lọ sí ẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ sì ṣí bọ́gà náà níbẹ̀ wò, ẹ má tijú. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí i.

Bó bá jẹ́ pé ara ọmọ yín ò gba nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin wà nínú mayonnaise, mayonnaise sì sábà máa ń wà nínú coleslaw, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹyin tó yẹra fún ọ̀kan lè bá a pàdé nínú èkejì. Ẹ má kàn sọ pé "kò fẹ́ ẹ." Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló gbà pé ẹni tí kò bá fẹ́ nǹkan lè fi ṣíbí ha á kúrò. Ẹ sọ pé: "Bó bá jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn ni." Ọ̀rọ̀ yìí wúlò lábẹ́ òfin pẹ̀lú. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ FCCPA ti 2018, sọ pé bí ẹ bá ti jẹ́ kí ẹni tó ń tajà mọ ohun pàtó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ohun tó gbé fún yín kò sì bá a mu, ẹ lè tètè dá a padà kẹ́ ẹ sì gba gbogbo owó yín.

Ẹran ńkọ́? Ẹran lílọ̀ yàtọ̀ sí ẹran gígé. Kòkòrò àìlèfojúrí tó ń fa àìsàn, ara òde ẹran ló sábà máa ń wà, iná sì máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Bí wọ́n bá wá lọ ẹran náà, ohun tó wà lóde ti wọnú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí àárín ẹran màlúù inú bọ́gà gbóná dé 71 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní 1993, bọ́gà tí kò jinná dáadáa láwọn ẹ̀ka ilé bọ́gà Jack in the Box ní Amẹ́ríkà dá àìsàn sí èèyàn tó lé ní 700 lára, ọmọdé mẹ́rin sì kú. Àwọ̀ nìkan ò tó fi ṣẹ̀rí, torí àwọ̀ pupa ẹran lílọ̀ lè ti lọ kí inú rẹ̀ tó jinná; tẹmómítà ló yẹ kí kíṣìnì máa lò. Ẹ̀yin oníbàárà ò ní tẹmómítà, àmọ́ ẹ lè fọ́ ọ sí méjì. Bí àárín bá tutù tàbí tó pupa, ẹ dá a padà, kí wọ́n ṣe tuntun fún yín látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣejù.

Ó wá ku owó. Kí ló dé tí kaṣíà fi ń bá yín jiyàn dípò kó dá owó yín padà? Ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ sábà máa ń kọ̀ fún un láti pa ọjà tó ti tà rẹ́. Súpáfáísọ̀ ló ní káàdì tàbí nọ́ńbà àṣírí tó lè ṣe é. Bí owó bá sì dín nígbà tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ lálẹ́, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló máa ń yọ ọ́ lára owó oṣù ọmọ náà. Ohun tẹ́ ẹ pè ní orí kunkun yẹn, owó ọkọ̀ rẹ̀ ló ń jà fún. Àṣà yìí máa ń bí mi nínú gan-an. Ìpín karùn-ún Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti máa bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ lórí. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé àìbìkítà òṣìṣẹ́ ló fa àdánù, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ kọ́bọ̀.

Nítorí náà ẹ má bá kaṣíà fà á. Ẹ rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe súpáfáísọ̀." Bó bá dé, ẹ fi rísíìtì hàn án, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́: ṣé òmíràn ni, àbí owó yín? Ibi tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Wọ́n á ṣàlàyé bí nǹkan ṣe dùn wọ́n tó, wọ́n á sì bínú jáde, súpáfáísọ̀ ò sì ní mọ ohun tí ì bá ṣe.

Ní ti iye owó, òfin FCCPA yẹn náà ló sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba ohun tó ju iye tí wọ́n kọ síta lọ. Bí páálí ara ògiri bá sọ iye kan, tí èyí tó wà lórí kántà sọ òmíràn, èyí tó kéré lẹ máa san. VAT (owó orí ọjà) ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún tó wà látọdún 2020 ló sábà máa ń fa àríyànjiyàn. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó bóyá ó wà nínú iye tí wọ́n kọ. Bí tíránsífà yín ò bá tíì wọlé, ẹ má tún un san kíákíá. Ẹ ní kí súpáfáísọ̀ wo àkáǹtì ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó á ti wọlé tí ìsọfúnni rẹ̀ ò sì ní tíì dé orí fóònù wọn.

Bẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sọ́nà jíjìn, Ìkéré bí àpẹẹrẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n di ẹnu ọ̀rá pa. Ooru rẹ̀ ló ń mú kí búrẹ́dì rin, kó sì rọ̀ jù, ẹ̀bi kíṣìnì kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé oúnjẹ, ẹ fún kaṣíà yín láṣẹ kó lè pààrọ̀ bọ́gà kan láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó gba èyí tó bàjẹ́, kó gbé e pa mọ́ títí súpáfáísọ̀ á fi rí i, kó kọ ọ́ sínú ìwé kan tó wà lábẹ́ kántà: aago mélòó, kí ló ṣẹlẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ka ìwé náà. Bẹ́ ẹ bá rí i pé mayonnaise ń jáde níbẹ̀ léraléra, tó sì jẹ́ pé kaṣíà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ ọ́, ẹ má pe ìpàdé láti bá àwọn ọmọ náà wí. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ yín ni kẹ́ ẹ pè, kó wá fi bọ́tìnì rẹ̀ síbi tí ọwọ́ máa tètè tó o.