Ìgbà Wo Ló Máa Ń Hó? Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Àìsàn Ẹ́ńjìnì Tòkúnbọ̀

Mọ́tò wọ ọgbà mẹkáníìkì, ọwọ́ géèjì ìgbóná ti kan lẹ́tà H, onímọ́tò ní, "Ẹ bá mi wò ó, ó ń hó." Kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ẹnìkan ti mú sípánà, thermostat ti dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń fa wàhálà, pé ìlú òyìnbó tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Mọ́tò kúrò lọ́gbà. Kí oṣù tó parí, epo tó ń mu ti lé sí i, iná ẹ́ńjìnì ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá sì le, á tún hó.

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi í ni pé, ìgbà wo ló máa ń hó? Ṣé lójú kan ni, àbí lórí eré? Ṣé ní àárọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, àbí lẹ́yìn tó ti rìn láti Èkó dé Ìbàdàn? Mọ́tò tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílẹ̀ òkèèrè kó tó wọ Àpápá, kò sí ibi téèyàn nawọ́ sí lára rẹ̀ tí kò ní rí nǹkan tó ti gbó. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa pààrọ̀ gbogbo ohun tó ti gbó, owó á tán, àìsàn á wà níbẹ̀. Àkókò tí àìsàn ń yọjú ló máa ń tọ́ka sí ibi tó fara pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí omi ṣe ń rìn. Iná ń jó nínú ẹ́ńjìnì, omi sì ń yí iná náà ká kó má bàa yọ́ irin. Water pump ló ń ti omi yìí. Thermostat ni aṣọ́bodè: ìda kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń yọ́, tó sì máa ń wú bó bá ti gbóná tó. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, ó ti ilẹ̀kùn pa kí omi lè tètè gbóná. Bí omi bá ti dé nǹkan bíi 82°C, ìda náà á ti ilẹ̀kùn sílẹ̀, omi á ṣàn lọ sínú radiator, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ, á tutù, á padà. Lórí eré, ìrìn mọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń mú afẹ́fẹ́ wọlé. Lójú kan, fáànù ló ń fà á.

Ìdérí radiator ni wọ́n máa ń fojú di jù. Kì í ṣe ọmọrí lásán. Sípíríìnì àti rọ́bà inú rẹ̀ ń há omi mọ́, omi tí wọ́n bá sì há mọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè hó. Omi lásán á hó ní 100°C. Lábẹ́ ìdérí tó ń mú dáadáa, ó lè tó 120°C kó tó hó. Tí rọ́bà náà bá ti le, tó ti sán, ẹ́ńjìnì tó dá ṣáṣá á máa tu omi dà sínú ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó lè mú mọ́tò hó, ìdérí yìí wà lára èyí tówó rẹ̀ kéré jù, bẹ́ẹ̀ ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni wọ́n sábà máa ń wò ó.

Ó yá, ká padà sórí ìbéèrè wa. Mọ́tò tó ń hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó sì ń tutù padà bó bá ti bọ́ sí márosẹ̀, fáànù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, bí wọ́n bá tan éésì, ó yẹ kí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bó bá dákẹ́, wọ́n á wo fíúùsì, wọ́n á yọ relay fáànù, ìyẹn súwíìṣì kékeré tó ń gbé iná lọ sí fáànù, wọ́n á fi relay mìíràn tó bá a mu rẹ́gí nínú àpótí kan náà dípò rẹ̀. Bó bá yí, relay ló ti kú. Bí kò bá yí, wọ́n á mú wáyà méjì láti bátìrì wá sára fáànù tààrà: èyí tó bá kọ̀ láti yí síbẹ̀ ti jóná, èyí tó bá yí ń sọ pé wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ ló ń dà á láàmú. Gbogbo àyẹ̀wò yìí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Àwọn rìwáyà kan á kúkú so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́ ní tààrà, kó máa yí láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣíná. Ó sàn ju kí ẹ́ńjìnì jóná lọ, àmọ́ fáànù tí kì í sinmi kì í pẹ́ lọ.

Èyí tó ń hó lórí eré tàbí lórí òkè, tí kì í sì í hó nínú ìlú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa níbẹ̀, omi ni kò rìn tó. Radiator lè ti dí, abẹ̀bẹ̀ inú water pump lè ti jẹ, páìpù ìsàlẹ̀ sì lè máa fún pọ̀ bí pọ́ǹpù bá ń fà. Bí ẹ́ńjìnì bá ti dúró tó sì ti tutù díẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ pa ojú radiator láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tó bá tutù nini láàárín ibi tó gbóná, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti dí. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ tí à ń rọ́ sí i lójoojúmọ́ ló ń fa ìpẹtà yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí yìnyín nìkan ni wọ́n ṣe ń lo coolant. Òótọ́ ni pé kì í jẹ́ kí omi dì, ṣùgbọ́n ó tún ń dènà ìpẹtà, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó, àwọn méjèèjì yìí la sì nílò níbí. Radiator tí omi inú rẹ̀ bá pọ́n bí omi ẹrẹ̀ ti sọ ìtàn ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ń dẹ́rù bani. Omi ń dín lójoojúmọ́, ilẹ̀ gbẹ, kò sí páìpù tó ń jò. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná, torí ìdérí radiator tó gbóná kò ṣeé ṣí rárá. Omi inú rẹ̀ á fò jáde, á sì bó ojú àti ọwọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá, wọ́n á ṣí ìdérí, wọ́n á kún omi dé ẹnu, wọ́n á ní kí ẹnìkan ṣíná. Kí wọ́n tẹjú mọ́ omi náà. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè kọ́kọ́ jáde, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ìfóòfó bá ń yọ láìdáwọ́ dúró, tó sì ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń tẹ iná, afẹ́fẹ́ iná inú sílíńdà, ihò tí epo ti ń jó, ló ń gba ẹ̀gbẹ́ top gasket, ìyẹn ìdè pẹlẹbẹ tó wà láàárín ara ẹ́ńjìnì àti orí rẹ̀ (top cylinder), bọ́ sínú omi. Bí wọ́n bá dé ìdérí padà, páìpù òkè á le gbọin láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì nígbà tí omi ò tíì gbóná. Kí wọ́n wá fa géèjì ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá ti dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má tún ṣíná mọ́. Bó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan ni funfun díẹ̀ wà, ní àsìkò ọyẹ́, tí mọ́tò kì í sì í rìn jìnnà, ó lè jẹ́ ìrì lásán. Kí wọ́n má torí ìyẹn tú ẹ́ńjìnì.

Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, èyí tó jáde láàárín 2002 sí 2006 pẹ̀lú ẹ́ńjìnì 2.4, ló fi hàn jù pé top gasket nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Onímọ́tò á ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ gasket, wọ́n sì ti gbé top cylinder lọ fá kó lè tẹ́, síbẹ̀ kì í ju oṣù díẹ̀ lọ tó fi ń hó padà. Aluminiomu ni ara ẹ́ńjìnì yẹn, tírẹ́ẹ̀dì tí àwọn bóòtù top cylinder ń wọ̀ sì máa ń já, pàápàá ní apá ẹ̀yìn. Bóòtù á dà bí ẹni pé ó wọlé, ṣùgbọ́n kò di nǹkan kan mú. Omi á máa rọra jò ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, lódì kejì níbi tí ojú kì í dé. Bí wọ́n bá fi gasket tuntun mẹ́wàá sí i, asán ni. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n lu ihò náà fẹ̀, kí wọ́n fi tírẹ́ẹ̀dì irin sínú rẹ̀, kí wọ́n tó fi bóòtù tuntun dì í. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí onímọ́tò bi mẹkáníìkì tó ń di top cylinder ni bóyá bóòtù kankan wà tó ń yí láìle.

Ká wá padà sọ́dọ̀ aṣọ́bodè wa tí wọ́n sọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn tó ń yọ ọ́ ń purọ́ tán. Thermostat tó bá gan ní títì á mú kí ẹ́ńjìnì hó lóòótọ́, tí wọ́n bá sì yọ ọ́, híhó yẹn á dáwọ́ dúró. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí wọ́n yọ ọ́ láìdán an wò, kí wọ́n má sì fi òmíràn dípò. Bí kò bá sí, omi á máa ṣàn gba inú radiator láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣíná, ẹ́ńjìnì kò ní tètè gbóná débi tó yẹ. Brain box, kọ̀ǹpútà mọ́tò, á gbà pé ẹ́ńjìnì ṣì ń jí lọ́wọ́, á máa tú epo lé epo, epo tí kò jó tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Bí wọ́n bá ki scanner, ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà àìsàn láti inú brain box, bọ̀ ọ́, P0128 ni yóò sábà kọ: ẹ́ńjìnì kò gbóná tó. Oníṣòwò scanner á wá ta sẹ́ńsọ̀ fún onímọ́tò.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì gbà ju ìkòkò àti iná lọ. Wọ́n á fi okùn so thermostat, wọ́n á rì í sínú omi tútù láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n á gbé e ka iná. Omi á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta èéfín, ìda á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, kí omi tó hó yaya ó ti yẹ kó là sílẹ̀. Bó bá là, kò jẹ̀bi, kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Bí omi bá hó títí tó kọ̀ láti là, kí wọ́n ra òmíràn.

Èéfín náà ní àkókò tirẹ̀. Dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ jù, kì í pẹ́ yanjú. Funfun tó ń jáde láìdáwọ́ dúró, tó sì ń rùn bí ohun dídùn, omi top gasket tún ni. Ti aláwọ̀ aró, tó jẹ́ ti ọ́ìlì, ló ń ná èèyàn lówó lásán. Bó bá tú jáde ní àárọ̀ nìkan, tó sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn díẹ̀, valve seal, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba ara valve wọ sílíńdà, ló gbó, ọ́ìlì ti kán sínú sílíńdà mọ́jú. Bó bá ń tú bí wọ́n ṣe ń tẹ iná lórí eré, òrùka piston ló sábà máa ń jẹ́. Owó méjèèjì kò jọra rárá. Wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò nípa wíwọn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀: bí ẹyọ kan bá kéré gan-an sí àwọn yòókù, kí wọ́n ta ọ́ìlì díẹ̀ sí i láti ojú ihò plug, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, òrùka ni; bí kò bá mì, valve tàbí top gasket ni.

Camry Muscle 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnì 2.4 kò fi jíjẹ ọ́ìlì tirẹ̀ pamọ́. Ní Amẹ́ríkà, Toyota ṣe ètò àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún àwọn tí ọ́ìlì wọn bá dín ju nǹkan bíi lítà kan lọ láàárín 1,200 máìlì. Èyí tó bá wá síbí láìṣe àtúnṣe náà ṣì ń jẹ ọ́ìlì. Ẹni tó bá sì lọ gbé ẹ́ńjìnì Belgium, ìyẹn àlòkù láti òkèèrè, ọdún kan náà ní ọjà Ládípọ̀ láti fi pààrọ̀ rẹ̀ lè lọ gbé àbúrò àìsàn náà wálé.

Mọ́tò tó ń gbọ̀n tó ń já lójú ọ̀nà, scanner wúlò fún un gan-an. Láti ọdún 1996 ni gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú scanner kan náà, lábẹ́ sítíárìn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìró ni nọ́ńbà tó ń kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n máa rà. Bó bá kọ P0301, sílíńdà kìíní kò jó dáadáa. Kí wọ́n yọ coil, èyí tó ń fi iná ránṣẹ́ sí plug, ti kìíní, kí wọ́n fi pààrọ̀ ti ẹ̀kẹta, kí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ́, kí wọ́n wakọ̀ náà díẹ̀. Bó bá yí padà di P0303, coil ló bá a rìn, òun ni kí wọ́n rà. Bó bá dúró sí P0301, kí wọ́n fi plug dán an bákan náà, lẹ́yìn náà injector tó ń fọ́n epo. Kọ́bọ̀ kan kò tíì jáde lápò.

Àwọn tó ń ta mọ́tò mọ ọgbọ́n yìí, wọ́n á ti pa nọ́ńbà rẹ́ kí olùrà tó dé, àwọn mìíràn á ti yọ gílóòbù iná ẹ́ńjìnì. Nítorí náà, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ sórí iná láìṣíná: iná ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíná. Èyí tí kò bá tàn rárá ní ohun tó ń fi pamọ́. Kó tó tún kan ìyẹn, kí wọ́n fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná kí wọ́n tó dé, ẹnìkan ti jí ẹ́ńjìnì yẹn kí èéfín àárọ̀ rẹ̀ má bàa hàn. Kí wọ́n kí onítọ̀hún, kí wọ́n padà wá lọ́la ní aago méje àárọ̀.