Ibùsùn Ni Àbí Ọ̀pá? Bí Lẹ́tà Kan Náà Ṣe Ń Di Ọ̀rọ̀ Méjì Lẹ́nu Júù àti Kristẹni

Ẹni tó bá ní Bíbélì Mímọ́ Yorùbá àtijọ́ nílé, kó ṣí Gẹ́nẹ́sísì orí 47, ẹsẹ 31. Jákọ́bù ti darúgbó, ọjọ́ ikú rẹ̀ ti sún mọ́lé, ó ní kí Jósẹ́fù búra pé kò ní sin òun sí Íjíbítì. Jósẹ́fù búra, Ísírẹ́lì sì tẹríba lórí àkéte. Kí ó wá ṣí ìwé Hébérù orí 11, ẹsẹ 21, níbi tí wọ́n ti ń rántí ọjọ́ ìkẹyìn bàbá yìí kan náà: ó tẹríba lé orí ọ̀pá rẹ̀. Àkéte níhìn-ín, ọ̀pá lọ́hùn-ún. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kò ṣìnà. Ohun tí wọ́n bá nínú ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́ta ni Hébérù fi kọ ọ̀rọ̀ náà: mem, tet, he. Kò sí fáwẹ̀lì láàárín wọn. Bí òǹkàwé bá pè é ní mittah, ibùsùn ni. Bó bá pè é ní matteh, ọ̀pá ni. Àwọn Júù tó ń gbé ní Alẹkisáńdíríà, tí wọ́n túmọ̀ ìwé Òfin sí èdè Gíríìkì ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, pè é ní ọ̀pá. Ìwé kíkà tó wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn Júù tó ń ka Hébérù pè é ní ibùsùn. Ìtumọ̀ Gíríìkì ni ẹni tó kọ ìwé Hébérù nínú Májẹ̀mú Tuntun ń lò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi wà níbẹ̀.

Ó yẹ kí nǹkan yìí yé ọmọ Yorùbá kíákíá. Ta ni kò tíì gba àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì ohùn rí? Ẹnìkan kọ ọ́ pé “Mo ri oko re loja.” Ọkọ ni àbí ọkọ̀? Àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè? Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ náà rán sí kì í dààmú, nítorí ó mọ ẹni tó kọ ọ́, ó sì mọ ohun tí wọ́n jọ sọ lánàá. Ọ̀rọ̀ àná ni fáwẹ̀lì àti àmì rẹ̀.

Ká wá ní bàbá kan kú, ó fi ìwé pélébé kan sílẹ̀: “Igba mi, ki awon omo mi maa lo o.” Ìyàwó méjì ló ní. Àwọn ọmọ ìyálé ní igbá ni, igbá ìdílé tó wà lórí àjà, torí ìyá àwọn ti sọ fún wọn pé bàbá kò fi igbá náà ṣeré rí. Àwọn ọmọ ìyàwó ní igbà ni, igbà tí bàbá fi ń gun ọ̀pẹ, torí iṣẹ́ ẹmu ni bàbá ń ṣe nígbà tí ìyá tiwọn wọlé. Kò sí ẹni tó yí ìwé padà. Kò sí ẹni tó purọ́. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń nawọ́ sí, ìrántí tí wọ́n gbé wá sídìí rẹ̀ ni kò jọra. Ọ̀rọ̀ náà á tún wá le sí i bí ọgọ́rùn-ún ọdún bá kọjá, tí àwọn ọmọ-ọmọ kò rí bàbá náà sójú rí, tí ilé kìíní ti ní ìwé ìtàn tiẹ̀, tí ilé kejì náà sì ti ní tiẹ̀. Ibi tí Júù àti Kristẹni bá ara wọn nìyẹn.

Láti nǹkan bí ọ̀rúndún keje sí ìkẹwàá lẹ́yìn Kristi ni àwọn akọ̀wé Júù kan, tí wọ́n ń pè ní Masorete, fi ojútùú wá. Àwọn tí òkìkí wọn kàn jù ń gbé ní Tiberia, létí òkun Gálílì. Ṣáájú wọn, ẹnu ni olùkọ́ fi ń gbé bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú orin tí wọ́n fi ń kà á. Àwọn Masorete kò fọwọ́ kan lẹ́tà. Wọ́n to àmì tóótòòtó àti ìlà kéékèèké sí abẹ́ rẹ̀, sí òkè rẹ̀ àti sí inú rẹ̀, bí àwa náà ṣe ń fi àmì sí orí àti ìdí lẹ́tà tiwa. Níbi tí ohun tí a kọ kò bá ti bá ohun tí ẹnu ń kà mu, wọn kò pa á rẹ́. Wọ́n fi ohun tí a kọ sílẹ̀ síbi tó wà, wọ́n sì kọ ohun tí a óò kà sí etí ìwé. Ènìyàn tó gbà pé àṣìṣe wà níwájú òun, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, tó sì kó ọwọ́ rẹ̀ ró: ìwà yìí wú mi lórí ju ohunkóhun lọ nínú gbogbo ètò náà. Èyí tó dàgbà jù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó ṣì pé lódindi, ọdún 1008 ni wọ́n parí rẹ̀, ó sì wà ní Saint Petersburg lónìí. Síbẹ̀, ìwé kíká Tórà, ìwé Òfin Mósè, tí wọ́n ń kà nínú sínágọ́gù kò ní àmì kankan títí di òní. Ẹni tó fẹ́ kà á á ti fi ìwé alámì kọ́ ọ nílé, bó bá sì ṣì í pè, àwọn tó jókòó á tún un ṣe fún un.

Àléébù rẹ̀ ni pé àmì tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ìwé kì í jẹ́ kí òǹkàwé rántí pé ẹnìkan ló yàn án. Ní 1538, Elia Levita, Júù onímọ̀ gírámà, tẹ ìwé kan jáde ní Venice tó fi ń ṣàlàyé pé àmì fáwẹ̀lì kò tíì sí nígbà tí Támọ́dì, ìwé ńlá tí wọ́n kó ẹ̀kọ́ àwọn rábì, olùkọ́ Òfin Júù, jọ sí, parí. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kan, Kristẹni tí kò sí lábẹ́ Póòpù, gbọ́ èyí, ara wọn kò balẹ̀: bí fáwẹ̀lì bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ta ni yóò sọ bí a ṣe máa ka Bíbélì láìsí Póòpù? Ní 1675, àwọn ìjọ kan ní Switzerland fi í sínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn pé àmì fáwẹ̀lì Hébérù, tàbí ó kéré tán agbára tó wà nínú wọn, jẹ́ ìmísí Ọlọ́run. Àwọn Kristẹni wá ń jà fún àmì tí àwọn akọ̀wé Júù ní Tiberia fi síbẹ̀.

Àwọn rábì fúnra wọn kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú Támọ́dì, wọ́n máa ń sọ pé “má ṣe kà á báyìí, kà á báyìí.” Àìsáyà 54:13 sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ rẹ, banayikh. Wọ́n ní kí a tún kà á sí bonayikh, àwọn tó ń kọ́ ọ bí ilé, láti fi yin àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan tó di ọwọ́ wọn mú: ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kì í kúrò ní ìtumọ̀ rẹ̀ gbangba. Ìwàásù lè fò lọ sókè, ilẹ̀ tí ẹsẹ náà dúró lé kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Àwọn Masorete tún fi àmì ìdánudúró sí i, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Dáníẹ́lì 9:25 ń ka àkókò láti ìgbà tí àṣẹ bá jáde láti tún Jerúsálẹ́mù kọ́ títí ẹni àmì òróró kan á fi dé. Ọ̀sẹ̀ 7 wà, ọ̀sẹ̀ 62 wà, Júù àti Kristẹni sì gbà pé ọdún méje ni ọ̀sẹ̀ kan. Àmì Masorete dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7. Ẹni àmì òróró dé lẹ́yìn ọdún 49 nìyẹn. Rashi, ọ̀mọ̀wé Júù ní Faransé tó gbé ayé láti 1040 sí 1105, ní Kírúsì ọba Páṣíà ni, ẹni tí Àìsáyà 45:1 pe ní ẹni àmì òróró Olúwa. Bíbélì King James kò dúró níbẹ̀, ó so 7 pọ̀ mọ́ 62. Ó di ọ̀sẹ̀ 69, ọdún 483. Ọ̀pọ̀ Kristẹni a máa bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọdún 457 ṣáájú Kristi, nígbà tí Ọba Artasasta rán Ẹ́sírà lọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n a sì gúnlẹ̀ sí ọdún 27 lẹ́yìn ìbí Kristi, ìgbà ìrìbọmi Jésù. Èémí kan ṣoṣo ló wà láàárín Kírúsì àti Jésù.

Ohun kan wà tí wọ́n ń sọ tó ń bí mi nínú, nítorí ó rọrùn jù. Ẹnìkan á ní àwọn Júù ló yí Ìwé Mímọ́ padà kí wọ́n lè fi Jésù pamọ́. Ẹ̀sùn àtijọ́ ni, Justin Ajẹ́rìíkú, òǹkọ̀wé Kristẹni, ti ń sọ irú rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì. Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé àwọn Kristẹni ló fi ọwọ́ ara wọn ki “wúńdíá” sínú Àìsáyà 7:14, níbi tí wòlíì ti fún Áhásì ní àmì pé obìnrin kan á lóyún, á sì bí ọmọ. Àwọn méjèèjì kò rò ó dé ìdí. Ìwé kíká Àìsáyà tí wọ́n rí nínú ihò àpáta nítòsí Òkun Òkú ní 1947 ti wà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù, almah ló sì wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin, bó ṣe wà lọ́wọ́ àwọn Júù lónìí. Kò sí ẹni tó yí i padà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì parthenos tí Mátíù lò, tí wọ́n sábà máa ń túmọ̀ sí wúńdíá, àwọn Júù ló kọ́kọ́ fi túmọ̀ rẹ̀, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Kristẹni. Parthenos yìí kan náà ni ìtumọ̀ Gíríìkì fi pe Dínà nínú Gẹ́nẹ́sísì 34:3, lẹ́yìn tí Ṣékémù ti bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé àríyànjiyàn náà. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni ìbéèrè tí ẹsẹ náà ń dáhùn. Áhásì ọba Júdà ń gbọ̀n nítorí ọba méjì tó ń bọ̀ wá bá a jà, Résínì ti Síríà àti Pékà ti Ísírẹ́lì. Ẹsẹ 16 ní kí ọmọ náà tó mọ rere yàtọ̀ sí búburú, ilẹ̀ àwọn ọba méjèèjì á ti di ahoro. Júù á béèrè pé: àmì tí ó máa dé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún méje, kí ló ṣe fún Áhásì? Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Kristẹni gbà pé ọmọ kan wà nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè ṣẹ lẹ́ẹ̀kan, kó tún wá kún lẹ́yìn ọ̀la. Bí Mátíù ṣe ń kàwé nìyẹn. Nígbà tó mú “láti Íjíbítì ni mo ti pe ọmọ mi” láti inú Hóséà 11:1, ó mọ̀ pé orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ni Hóséà ń sọ, Hóséà dárúkọ rẹ̀ nínú ẹsẹ náà gan-an. Ohun tó ń sọ ni pé ìgbésí ayé Jésù ń tọ ipasẹ̀ Ísírẹ́lì.

Ètò ìwé náà pàápàá ń sọ̀rọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ìwé 24 tí àwọn Júù ní ni ìwé 39 tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní, kíkà wọn nìkan ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n Kíróníkà ni àwọn Júù sábà máa ń fi parí tiwọn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ ti ẹnu Kírúsì jáde: ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ti àwọn ènìyàn Ọlọ́run, kó gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù. Málákì ni Kristẹni fi parí Májẹ̀mú Láéláé, níbi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí pé òun á rán wòlíì Èlíjà wá. Bí òǹkàwé bá ṣí ewé díẹ̀ síwájú, ó ti dé Mátíù orí 3, Jòhánù Onítẹ̀bọmi ti wọ aṣọ irun ràkúnmí, ó ti di àmùrè awọ mọ́ ìdí bí Èlíjà, ó ń wàásù ní aginjù Jùdíà.