Gọ́tà Ilé Àtijọ́ Tó Dí: Ibo Gan-an Ni Omi Ti Há?

Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025 ni òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi de ike àti ọ̀rá ìlò-ẹ̀ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ de abọ́ fóòmù ní ọdún 2024. Látìgbà náà ni ìbéèrè ti ń wọlé: kí ló dé tí gọ́tà wa ṣì ń kún?

Ṣé ọ̀rá nìkan ló ń di gọ́tà ni?
Rárá o. Ọ̀rá máa ń há, yanrìn àti ewé á wá kó jọ sẹ́yìn rẹ̀. Yanrìn yẹn ló ń le bí kọ́ńkéré.

Ibi tí omi dúró sí ni kí n gbẹ́, àbí?
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣedànù. Omi ń dúró nítorí pé ohun kan dí i lọ́nà níwájú. Ẹ máa tọ ipa omi lọ sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí gọ́tà ti gbẹ. Àárín ibi tó kún àti ibi tó gbẹ ni nǹkan há sí, abẹ́ sílábù ẹnu géètì ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ní ilé wa ní Mushin, ẹ̀ẹ̀mẹta la gbẹ́ iwájú ilé. Nígbà tó yá, a lọ bá màmá tó ni ilé kejì sí wa: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká ṣí sílábù yín." A ki irin bọ abẹ́ rẹ̀, a fà á, àpò ìrẹsì kan tó kún fún yanrìn ló jáde. Omi tú yàà, ó ń sáré lọ. Kò pé wákàtí kan tí iwájú ilé wa gbẹ.

Kí ló dé tí gọ́tà tó dí fi pọ̀ ní ilé àtijọ́?
Títì ń ga sí i nígbàkígbà tí wọ́n bá tún un ṣe, ilé kò kúrò níbi tó wà. Ó wá dà bí ìgbà téèyàn ní kí gọ́tà máa fa omi gòkè, kò sì lè ṣe é. Gbòǹgbò igi furúùtù tún máa ń la ògiri gọ́tà. Bí a bá kó o tán tí omi kò ṣàn, ẹ pe bíríkìlà kó fi rọ́bà omi wọn ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kó máa lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 ní mítà kọ̀ọ̀kan.

A kó o lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún ti dí.
Ẹ kó ẹrẹ̀ rẹ̀ sétí gọ́tà, òjò sì gbé e padà. Ẹ rọ ọ́ sínú àpò, kẹ́ ẹ gbé e kúrò lọ́jọ́ náà.

Ta ló yẹ kó kó o?
Ti iwájú ilé, àwọn tó ń gbébẹ̀. Kánààlì ńlá, ìjọba.

Ṣé ẹ̀fọn inú gọ́tà ló ń fún wa ní ibà?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀fọn tó fẹ́ràn omi ìdọ̀tí kọ́ ló sábà ń gbé ibà kiri. Èyí tó ń gbé ibà fẹ́ràn omi tó mọ́ díẹ̀, bíi èyí tó dúró sí kòtò lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí omi òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tó tún wá dúró lè gba ẹ̀fọn tó ń gbé ibà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ti di ẹ̀fọn. Ẹ dá gọ́tà sílẹ̀ kí omi máa ṣàn, kẹ́ ẹ sì máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù nígbà tá a bá ń kó o?
Àfọ́kù ìgò àti abẹ́rẹ́: ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́. Ìtọ̀ eku wà nínú omi náà, ó sì lè kó àìsàn wọ ojú egbò. Ẹ má fi ọmọdé sí i.

Bí òórùn ìgbẹ́ bá ń jáde, sókàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ilé ìgbẹ́ ń lọ, ló ti kún wọnú gọ́tà. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sínú sókàwéè náà láti lọ wò ó, kódà fún ìṣẹ́jú kan: afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ máa ń pa èèyàn, ó sì máa ń pa ẹni tó bá wọlé láti yọ ọ́. Ẹ pe àwọn tó ń fi ọkọ̀ fà á.