Mo pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tán, iná check engine tún tàn: kí ló dé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mò ń gùn, Kubwa l'Abuja ni mo ń gbé. Àtìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mọ́tò mi ti ń gbọ̀n tí mo bá dúró nínú gosiló, tí mo bá sì kọjú sí òkè Mpape kì í fà mọ́. Rewáyà sikáànì ẹ̀, kóòdù P0171 ló gbé jáde, ló bá ní oxygen sẹ́ńsọ̀ ló kú. Mo ra tuntun, wọ́n fi sí i, kò pẹ́ náà tí iná yẹn tún tàn. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe èyí tó kù.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, owó yẹn dùn mí gan-an. Ó ṣeé ṣe kí sẹ́ńsọ̀ tẹ́ ẹ rà dáa, kódà èyí tẹ́ ẹ yọ lè má ní nǹkan kan tó ṣe é, ẹ má tíì jù ú nù. P0171 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kankan bàjẹ́ o, ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ̀ńjìnnì. Ẹ̀ńjìnnì tó ń lo pẹtiróòlù ń fẹ́ bíi gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 sí gíráàmù epo 1, oxygen sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sàlẹ́ńsà ló ń wo èéfín tó ń jáde, tó bá ti rí i pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù á ta brainbox lólobó, brainbox á máa fi epo kún un, á máa fi kún un, ìgbà tó bá kọjá ààlà ẹ̀ ló máa tan iná yẹn. Oxygen sẹ́ńsọ̀ ló figbe olè ta, òun náà ni wọ́n wá dè mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ta wá lolè ọ̀hún?

Ìdáhùn: Nínú ọyẹ́ àríwá yìí, airflow sẹ́ńsọ̀ (MAF), èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọnú ẹ̀ńjìnnì, ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ó wà lẹ́yìn fíltà afẹ́fẹ́, kó tó dé throttle, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀ńjìnnì. Wáyà kan tó fẹ́lẹ́ púpọ̀ wà nínú ẹ̀ tí iná ń mú gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá á máa tù ú, iye iná tí wáyà yẹn ń gbà kí ooru ẹ̀ má bàa lọ sílẹ̀ ni brainbox fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Tí eruku bá wá bò ó, afẹ́fẹ́ kò ní lè tù ú dáadáa mọ́, á wá máa sọ pé afẹ́fẹ́ kéré, brainbox á sì fún ẹ̀ńjìnnì ní epo tí kò tó. Fíltà tó ti ya ló sábà máa ń fà á, àwa náà la ń gbé e lọ sọ́dọ̀ fọgánáísà kí wọ́n fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, agbára afẹ́fẹ́ yẹn á sì lu pépà ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra fíltà tuntun.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ kí n tó tún náwó?

Ìdáhùn: Ẹ wá sikánà kékeré tó ń lo Bluetooth, ẹ tì í bọ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù níwájú dírẹ́bà. Ẹ tan mọ́tò kó gbóná, ẹ wo fuel trim, ìyẹn iye epo tí brainbox ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò, short (ti ìsinsìnyí) àti long (èyí tó ti pẹ́), kẹ́ ẹ ro méjèèjì pọ̀. Tí kò bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, kò sí wàhálà níbẹ̀. Tó bá ga nígbà tí mọ́tò kàn dúró, tó wá ń wálẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ accelerator dé 2,500 RPM (ìyípo ẹ̀ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan), họ́ọ̀sì kan ló ya tàbí gaskẹ́ẹ̀tì kan ló ń fa afẹ́fẹ́, owó sẹ́ńsọ̀ kò kàn yín. Tó bá jẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ga sí i, airflow ni mo máa mú, àbí kó jẹ́ pé pọ́ǹpù epo ni kò lágbára mọ́.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ airflow ńkọ́, ṣé mo lè tú u fúnra mi?

Ìdáhùn: Ẹ lè tú u dáadáa. Ẹ pa mọ́tò, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi sípánà 10 tú orí bátìrì tó jẹ́ négátíìfù. Ẹ tẹ kílíìpù ẹnu wáyà kẹ́ ẹ tó fà á, wáyà fúnra ẹ̀ kọ́ lẹ máa fà o. Nọ́ọ̀tì méjì péré ló dè é, sukurudiráfà sítà ló ń tú u. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná: àwọn ọlọ́jà ní spray tí wọ́n kọ MAF cleaner sí lára, ẹ fín in sí wáyà inú yẹn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi òwú tàbí búrọ́ọ̀ṣì nù ún, carburetor cleaner náà kò dáa fún un, ó lè bà á jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, rọ́bà róbótó tó wà lọ́rùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á tún máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi sikánà pa kóòdù rẹ́, ẹ wà á gun òkè, kẹ́ ẹ tún wo fuel trim.

Ìbéèrè: Tí fífọ̀ kò bá ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́ dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Apo tàbí Zuba. Nọ́ńbà wà lára ẹ̀, ti Toyota sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22204, gbogbo nọ́ńbà yẹn ló gbọ́dọ̀ bára mu torí ọ̀pọ̀ wọn ló jọra lójú tí iṣẹ́ wọn ò jọra. Tòkunbọ̀ Denso (ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fún Toyota) tó wá látara mọ́tò ni mo fara mọ́ ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Tó bá ṣeé ṣe ẹ gbé mọ́tò náà dání, kẹ́ ẹ fi sí i níbẹ̀, ẹ tan án, ẹ wo sikánà, kẹ́ ẹ tó sanwó.