Ta Ló Kọ́kọ́ Mọ̀ Pé Òkè Ni Wọ́n Ti Ń Pàṣẹ fún Etí?

Ẹ dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́. Àwa tí a gbé ata wá là ń fọwọ́ dí etí. Ẹni tó ń lọ̀ ọ́ kì í ta gìrì. Àmọ́ ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó tó tán lẹ́nu yín, ó ti yíjú. Ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ni ohùn ti kọ́kọ́ ń wọlé, ibẹ̀ náà ni ìtagìrì ti ń wá. Èèpo òkè ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n tẹ ohùn tibí rì, kí wọ́n gbé ohùn tọ̀hún ga.

Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Tèmi ni pé èdè wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹ wo "gbọ́" àti "tẹ́tí". Gbígbọ́ ń bá èèyàn lójijì. Títẹ́tí, èèyàn ló ń ṣe é. Etí ni wọ́n ń tẹ́ bí ẹní, ẹní kan kì í sì í dìde tẹ́ ara rẹ̀. Ta ló wá ń tẹ́ ẹ? Mo fura sí àwọn ọdẹ. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹran lóru nínú igbó kò lè gbọ́ gbogbo ìrẹ̀ tó ń dún. Ewé gbígbẹ kan ṣoṣo tó bá fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹtu ló ń dúró dè. Ọdẹ ló sì tẹ Àkúrẹ́ dó, Ọmọrẹ́milẹ́kún Aṣọdẹbóyèdé; ọdẹ wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá ní mò ń ti ìlú mi lẹ́yìn, òótọ́ ni.

Láàárín àwọn òyìnbó, Ivan Sechenov, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara, ará Rọ́ṣíà, ni mo fún ní ipò kìíní. Lọ́dún 1862, ní Paris, nínú yàrá ìwádìí Claude Bernard, onímọ̀ ará Faransé, ó gé òkè ọpọlọ ọ̀pọ̀lọ́ kúrò. (Ọ̀pọ̀lọ́ ló fi ọpọlọ hàn wá: ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu wa.) Ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ásíìdì tí wọ́n fomi là, ó ń fi ago tó ń lù kọ̀ọ̀-kọ̀ọ̀ ka ìgbà tó máa fi fa ẹsẹ̀ yọ. Ó wá fi hóró iyọ̀ lé ojú ibi tó gé. Ẹsẹ̀ ò tètè yọ mọ́! Nǹkan kan lókè ń dá ti ìsàlẹ̀ dúró. Ní 1863 ó kọ ọ́ sí ìwé, àwọn tó ń yẹ ìwé wò fún ìjọba sì ní kó yí àkọlé rẹ̀ padà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Oǹdó ò gbà. "Bọ̀dá, iyọ̀ yẹn ò kan èèpo rárá, abẹ́ rẹ̀ ló wà." Mo ní kó lọ jẹun. Sechenov ti kan ilẹ̀kùn; ṣé a ó tún máa bi í léèrè pé ta ló ṣí i? Hughlings Jackson, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ lẹ́yìn náà pé òkè ló ń kó ìsàlẹ̀ níjàánu. Ọ̀rọ̀ dídùn, àmọ́ kò fi iyọ̀ kankan lé ohunkóhun. Ajá tí Goltz yọ èèpo ọpọlọ rẹ̀ ní Jámánì jẹ́rìí fún wa ju ìyẹn lọ: ẹ fọwọ́ kàn án díẹ̀, inú á bí i bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa.

Ìyókù, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé wọn, ò gba àkókò. Ní 1946 Rasmussen rí okùn iṣan tó ń ti ìdí ọpọlọ padà lọ sínú etí. Ní 1956 Galambos fi hàn pé bí wọ́n bá ta á jí, ohùn tó ń wọlé á dín kù. Lọ́dún kan náà, Hernández-Peón àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé eku sínú ìgò síwájú ológbò, ìdí ọpọlọ ológbò náà ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn sí ìró tó ń dún. Àwọn kan ní bóyá ológbò náà kàn yí etí rẹ̀ ni. Láti àwọn ọdún 1990, Suga fi àdán hàn pé bí wọ́n bá ta èèpo ọpọlọ jí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ á yí ohùn tí wọ́n ń dáhùn sí padà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní àdán ni òun gbà, òun ò gba ọdẹ.