Ṣé irú ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo lè sọ oko di òfo?

Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù dé orí fóònù láàárín àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀pẹ́: pé kí wọ́n má gbin irú ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo mọ́, bó ti wù kó ta tó. Ó rú ọ̀pọ̀ lójú, torí ẹni tó ti rí èyí tó ta jù, kí ló tún fẹ́ fi òmíràn ṣe?

Ṣé òótọ́ ni?
Òótọ́ ni.

Kí ló wá léwu níbẹ̀?
Igi la fi ń gbin ẹ̀gẹ́, kì í ṣe hóró. Igi kan tí ẹ gé sí wẹ́wẹ́, ara kan náà ni gbogbo rẹ̀ títí dé èyí tó kẹ́yìn. Éékà kan, ní mítà 1 sí mítà 1, ń gba bíi 4,000 ìdí. Tí gbogbo wọn bá jẹ́ irú kan, àìsàn tó bá mọ ọ̀nà wọ ọ̀kan ti mọ ọ̀nà wọ gbogbo wọn. Agbálùmọ́ tó hù láti inú hóró ò rí bẹ́ẹ̀: igi méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èso ọ̀kan á dùn, ti èkejì á kan, nítorí pé hóró kì í bí igi tó jọ ìyá rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ohun tó bá ṣe ọ̀kan lè má ṣe èkejì. Ní Uganda láàárín ọdún 1990 sí 1999, oko tó kún fún irú kan tí wọ́n ń pè ní Ebwanateraka ni àìsàn ewé kíká gbá lọ rẹpẹtẹ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ àìsàn náà?
Ẹ tẹ́ ewé kan sórí àtẹ́lẹwọ́. Tí ibì kan tútù yọ̀yọ̀, tí ibòmíràn pupa rúsúrúsú, tí ewé náà ká kò, tí apá kan sì fẹ̀ ju èkejì lọ, òun nìyẹn. Kòkòrò funfun tíntìntín tó ń fò bí eérú nígbà tí ẹ bá gbọn ewé ló ń gbé e kiri. Igi tí a gé lára èyí tó ń ṣàìsàn náà ń gbé e lọ sí oko tuntun.

Ṣé irú tí wọ́n ń mú jáde láti ilé ìwádìí ló fà á?
Rárá. Irú ẹ̀gẹ́ kan tó ń jẹ́ TMS 30572, tó ti ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA n'Ìbàdàn jáde, rí agbára tó fi ń kojú àìsàn yìí gbà lára ìbátan ẹ̀gẹ́ tí a kì í jẹ, igi kan tó ń ṣe oje rọ́bà. Tí irú ìbátan bẹ́ẹ̀ bá parun, kò síbi tí a ó tún ti rí i gbà.

Kí ni ká wá ṣe?
Ẹ wá irú mẹ́ta, ó kéré tán: ti àtijọ́ yín, ti ilé ìwádìí, àti èyí tó tètè gbó. Ẹ ya ilẹ̀ sí mẹ́ta, ẹ má lú wọn pọ̀, torí èyí tó gbó ní oṣù 8 sí 10 lè ti le kí èyí tó ń lo oṣù 12 tó tó wà. Ní oṣù kejì sí ìkẹta, ẹ so okùn mọ́ ìdí tí ewé rẹ̀ mọ́. Lára wọn nìkan ni kí ẹ ti gé igi ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má dúró dìgbà ìkórè, ewé ti rẹ̀ dànù nígbà yẹn, ojú ò ní mọ èyí tó ṣàìsàn mọ́. Ẹ gé e láti àárín igi tó ti pé oṣù 8 sí 12, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kó ní ojú 5 sí 7. Tí oje funfun ò bá yọ níbi tí àdá gbà kọjá, ó ti gbẹ, ẹ sọ ọ́ nù. Ilẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀sà, ẹ kọ ebè gíga, omi tó dúró ń mú ẹ̀gẹ́ jẹrà.

Ṣé èrè mi ò ní dín kù?
Lọ́dún tó bá dára jù, ó lè dín díẹ̀. Lọ́dún tí àìsàn bá jà, ẹ ó ṣì rí nǹkan kó.

Ṣé ewu mìíràn wà?
Ó wà, ó sì ṣe pàtàkì. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní májèlé nínú. Ẹ má sè é jẹ bí ẹ ṣe ń se èyí tó dùn. Ẹ rin ín, ẹ jẹ́ kó kan, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ tó yan án ní gààrì. Nítorí náà, ẹ kan pákó sí ẹnu ààlà, kí ẹ kọ orúkọ irú kọ̀ọ̀kan sí i, kí ọmọ tí ẹ bá rán lóko má baà wú èyí tí kò yẹ.