Ohun tó ń mú kí dídán awọ pẹ́

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe bàtà, báàgì àti bẹ́líìtì ní Adó-Èkìtì, ní Ìkéré àti ní Ìkọ̀lé, oníbàárà tó bá rí i pé wọ́n ti rán iṣẹ́ òun tán máa ń rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò tíì parí. Ó ku kí wọ́n pa á láró, kí wọ́n tún etí rẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì fi ohun tí yóò dáàbò bò ó kun ojú rẹ̀. Kí awọ dán kò ṣòro, pọ́líìṣì náírà díẹ̀ lè ṣe é. Kí dídán náà pẹ́ lára rẹ̀ ni iṣẹ́, sùúrù láàrin ìkùn kan sí èkejì ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á.

Awọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kánò ni ojúkò iṣẹ́ awọ ní Nàìjíríà, ọ̀nà méjì pàtàkì sì ni wọ́n ń gbà sọ awọ ẹran di awọ iṣẹ́. Ti àtijọ́ ni èyí tí wọ́n ń fi èso igi bàgàrúwà ṣe. Ìkejì ni ti kẹ́míkà kírómíọ̀mù. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kán omi díẹ̀ sójú awọ. Bí omi náà bá wọlé, tí ojú ibẹ̀ sì dúdú díẹ̀, aró yóò mú un dáadáa. Bí ó bá dúró roboto sórí rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe awọ náà ti kun nǹkan sí i lójú, aró kò sì ní ráyè wọlé àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi sípírítì nu ohun náà kúrò.

Aró àti ọ̀dà kì í ṣe ohun kan náà. Aró ń wọ inú awọ lọ, ojú awọ gan-an ṣì ń hàn. Orí awọ ni ọ̀dà ń jókòó sí, ó ń bo àpá àti ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ki jù, yóò sán níbi tí bàtà ti ń ká. Fóòmù kékeré ni wọ́n fi ń pa aró. Wọ́n á rì í, wọ́n á fún un, wọ́n á fi pa awọ lọ́nà kan; tó bá gbẹ, wọ́n á tún pa á ní ìdábùú. Ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó rin gbingbin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àkísà gbígbẹ nù ún títí àkísà kò fi ní yọ àwọ̀ mọ́. Sípírítì inú aró máa ń fa ọ̀rá kúrò lára awọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi òróró awọ díẹ̀ rà á kó má baà gan.

Láákà, ohun tí wọ́n ń kun ojú awọ kó lè dán kó sì ní ààbò, ló kàn, òun ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ní Èkìtì láàrin oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀. Wọ́n á kun báàgì dúdú ní àárọ̀ tí ilẹ̀ ṣì tutù, kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ yóò fi funfun bí ìgbà tí wọ́n da eérú sí i. Ọ̀pọ̀ á ní ayédèrú láákà ni wọ́n tà fún àwọn. Ẹ̀bi láákà kọ́. Tínà, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń po láákà, ń yára fò lọ sínú afẹ́fẹ́, bó sì ṣe ń lọ, ó ń kó ooru kúrò lára awọ. Ojú awọ á wá tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á di omi kéékèèké sórí láákà tí kò tíì gbẹ, á sì há sínú rẹ̀. Kíkun òmíràn lé e lórí kò lè wò ó. Kí wọ́n dúró de ọ̀sán tí oòrùn bá ràn, kí wọ́n lo tínà tí kì í yára gbẹ, kí wọ́n sì fọ́n ìwọ̀nba rẹ̀ sójú ibi tó funfun, kí láákà náà lè rọ̀, kí omi inú rẹ̀ ráyè jáde. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá; wọ́n ń wọ́n omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Níbi yìí ni oníbàárà máa ń dé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, Sátidé yìí ni ìnáwó wa o." Èsì tó yẹ ni "Ẹ fi ọjọ́ kan kún un fún wa, mà," kódà bí inú wọn kò bá dùn.

Etí awọ kì í purọ́. Awọ bàgàrúwà gba omi díẹ̀ àti fífi igi tó jọ̀lọ̀ ra létí títí yóò fi gbóná, kí wọ́n tó fi ìda oyin pa á. Awọ kírómíọ̀mù kì í gbà fún irú èyí, ọ̀dà etí ló ń fẹ́, pẹ̀lú sándípépà kíkúnná láàrin ìkùn kan sí òmíràn.

Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ni òórùn tínà àti gọ́ọ̀mù. Ní 1974, Muzaffer Aksoy, dókítà ẹ̀jẹ̀ ní Istanbul, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó mú àwọn tó ń ṣe bàtà, nítorí kẹ́míkà benzene tí wọ́n ń fà símú lẹ́nu iṣẹ́. Kẹ́míkà hexane, tó máa ń wà nínú àwọn gọ́ọ̀mù kan, ń ba iṣan jẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èéfín tí a kì í rí tó ń jáde lára tínà àti gọ́ọ̀mù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Nítorí náà, ọmọ iṣẹ́ tó tẹ́ ẹní sùn sínú ṣọ́ọ̀bù ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kun láákà ń mí májèlé. Ìbomú aláṣọ kò lè dá a dúró. Kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ṣí síra wọn, kí afẹ́fẹ́ máa gba inú yàrá kọjá, kí kọ́ìlì ẹ̀fọn, àtùpà àti jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà síbẹ̀ nítorí iná.

Kí iṣẹ́ tó kúrò nílẹ̀, wọ́n á fi aṣọ funfun gbígbẹ ra á, wọ́n á tún fi èyí tó tutù ra á. Irú ìdánwò yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń fi ẹ̀rọ ṣe lábẹ́ òṣùwọ̀n àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 11640. Bí aṣọ náà bá ṣì mọ́, wọ́n lè di iṣẹ́ náà fún oníbàárà, ṣùgbọ́n inú pépà tàbí àpò aṣọ ni. Láákà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ṣì ní tínà nínú. Bí wọ́n bá dì í sínú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n so lẹ́nu, tínà náà kò ní rí ọ̀nà jáde, láílọ́ọ̀nù á sì lẹ̀ mọ́ ojú awọ.